Ojúlarí Lórí Afárá Pákó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé ọ̀rọ̀ ajá kò yẹ ní ojú ìwé tí a ti ń ka ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti ọmọ kíkọ́, a bẹ olúwarẹ̀ kí ó mú sùúrù díẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ sọ, a kò fi pa òwe. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ní àkókò ìsinmi tí ó kọjá kọ́kọ́ mú ìtìjú bá wa, lẹ́yìn náà ni ó mú inú wa dùn, a kò sì lè dákẹ́.

Abereke ni ilé wa, ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn tí wọn kò dé ọ̀dọ̀ wa rí a máa béèrè bí a ti ń rìn níbẹ̀. Orí òpó igi ni a kọ́ ilé wa sí, omi àti ẹrẹ̀ ni ó wà ní abẹ́ rẹ̀, afárá pákó ni a sì ń gbà láti ilé dé ilé. Bí ẹni méjì bá pàdé lórí rẹ̀, ọ̀kan ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn kí èkejì tó kọjá. Bí ọ̀kan bá sì ru ọpọ́n ẹja, èkejì a padà sẹ́yìn. Òkun kò sì jẹ́ kí àyè wa gbòòrò sí i. Ó ti pẹ́ tí omi ti ń jẹ etíkun Ìlàjẹ. Ayétòrò pàápàá, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tí a ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú òkun. Bí omi ti ń lé ènìyàn sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń súnmọ́ ilé, tí ajá sì ń súnmọ́ ajá.

Ojúlarí ni orúkọ ajá wa. Kì í ṣe àwa ni a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa ni ó sọ ọ́, ní ìgbà tí àárín òun àti ìyá kan ní ilé kejì kò gún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹlòmíràn a máa fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí ẹni tí kò lè dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ìjà náà ti parí, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ajá lára. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ sì ká. Ní ìgbà tí ó ń rìn fúnra rẹ̀ kì í bá ajá kankan jà. Bí ó bá rí ajá àjèjì, a yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, a gbóòórùn pákó díẹ̀, a sì gba ibòmíràn lọ. Olè ẹja ni àbùkù rẹ̀. Ilé mẹ́ta ni ó ti jí ẹja lórí àtẹ tí a ti ń yan án, nítorí náà àdúgbò ní kí a so ó mọ́lẹ̀, kí a má sì mú un jáde mọ́ láìsí okùn ní ọrùn rẹ̀. A kò bá wọn jiyàn. Ẹja ni oúnjẹ wa, ẹja náà sì ni owó wa.

Láti ọjọ́ tí okùn ti bọ́ sí ọrùn rẹ̀ ni ìwà rẹ̀ yí padà. Bí ó bá rí ajá mìíràn lórí afárá, ara rẹ̀ a le gbagidi, irun ẹ̀yìn rẹ̀ a dìde, a kùn, a gbó, a sì fò síwájú títí okùn yóò fi fẹ́ fún un lọ́rùn. Kí ni àwa ṣe? A fa okùn. A kígbe mọ́ ọn. Nígbà tí ìyẹn kò tó, a gé ọ̀pá, a sì ń nà án nígbàkúùgbà tí ó bá kùn. A rò pé a mọ ohun tí à ń ṣe. Ṣé olùkọ́ ọ̀la ni wá? Ṣé pàṣán kọ́ ni a fi kọ́ àwa náà? Ó tilẹ̀ dàbí ẹni pé ọ̀pá ń ṣiṣẹ́, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ajá náà kò kùn mọ́. A yọ̀. A kò mọ̀ pé ìkùn yẹn ni ìkìlọ̀ tí ó ń fún ènìyàn, àti pé àwa ni a fi ọ̀pá gba ìkìlọ̀ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó sì ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá ilé kejì ń bọ̀ lórí afárá, ó ru ọpọ́n ẹja yíyan, ajá rẹ̀ wà níwájú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń tẹ̀ lé e. Ojúlarí kò kùn, kò gbó. Ó kàn fò ni. Okùn dá a dúró kí ó tó kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyá náà ti ta sẹ́yìn, ọpọ́n ti dojú dé, ọmọ náà sì ti já sínú omi. Omi kò jìn níbẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ sì ni. Kí a tó bẹ́ sílẹ̀ ó ti di òpó mú, ó ń sunkún nítorí bàtà rẹ̀ tí ó rì. Bàtà rí i gbé, ẹja kò padà. A san owó rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà àwọn àgbà àdúgbò pe ìyá wa, wọ́n sì pe àwa náà. Ẹ̀rù dìgbòlugi ni ó ń bà wọ́n, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, ìwòsàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. A fi ìwé dókítà ẹranko hàn wọ́n pé a ti gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún náà. Kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ. (Ẹ jọ̀wọ́, bí ajá bá bu ọmọ ilé-ìwé yín jẹ, ẹ má ṣe fi epo tàbí ewé sí ojú egbò náà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kan náà.) Àgbà tí ó dàgbà jù nínú wọn wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n afárá yìí kò lè gba ajá yín àti àwa. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́ yín, bí kò bá tíì mọ bí a ti ń kọjá lára ẹlòmíràn, kí ẹ wá nǹkan ṣe sí i.” Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó kù.

Àbúrò wa ni ó bi wá ní ìbéèrè tí ó là wá lójú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí kì í bá wọn jà nígbà tí ẹ kò tíì fi okùn sí i lọ́rùn?” A dùbúlẹ̀, a ń ro ó. Nígbà tí kò sí okùn, ọ̀nà méjì wà fún un: ó lè yà, ó sì lè sá. Okùn gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, afárá tóóró sì bá okùn ṣe é. Ohun tí ó kù fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí kò sì lè sá, ni kí ó dẹ́rù ba ẹlòmíràn. Àwa tún wá fi ọ̀pá lé e. Ẹ rántí Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, tí àwọn ajá rẹ̀ ń da itọ́ bí wọ́n bá gbọ́ ìró tí ó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Àwa náà ti ṣe bíi tirẹ̀ lórí afárá Abereke láìmọ̀: ajá mìíràn ni ìró wa, ìrora ni oúnjẹ wa. Ìgbàkúùgbà tí ajá kan bá yọ, nǹkan búburú dé bá ọrùn àti ẹ̀yìn Ojúlarí. Kí ni ì bá fi fẹ́ràn wọn?

Ẹlòmíràn tí a rántí ni Mary Cover Jones. Ní 1924, ní Amẹ́ríkà, obìnrin yìí kọ ìtàn ọmọ kékeré kan tí ó pè ní Peter, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rù ehoro sì ń bà púpọ̀. Kò nà án, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì gbé ehoro lé e lẹ́sẹ̀ tipátipá. Ó gbé ọmọ náà sórí àga, ó fún un ní oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, a sì gbé ehoro inú àgò síbi tí kò ní dí i lọ́wọ́ oúnjẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń sún un mọ́ ọn. Ní ìkẹyìn ọmọ náà jẹ́ kí ehoro máa fi ẹnu tọ́ òun ní ìka. A ti ka ìtàn yìí fún ìdánwò, a sì ti gba máàkì lórí rẹ̀. Kò wọ̀ wá lára títí di òru náà.

Ní òwúrọ̀ a ti ọ̀pá náà sínú iná tí ìyá wa fi ń yan ẹja. Ṣùgbọ́n níbo ni a óò ti rí àyè? Ẹni tí ó wà ní orí ilẹ̀ gbígbẹ lè fa ajá rẹ̀ sẹ́yìn wọ inú pápá. Afárá kò ní pápá. Omi ni ó gbà wá. A gbé Ojúlarí sínú ọkọ̀ kékeré bàbá wa, a di edé gbígbẹ sínú àpò, a wa ọkọ̀ kúrò lẹ́bàá afárá, a sì dúró. Bí ajá bá yọ lórí afárá, tí Ojúlarí sì rí i, edé a dé ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Bí ajá náà bá kọjá lọ, edé a tán. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n a jẹ́ kí ó dẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní a súnmọ́ jù: ó le gbagidi, ó sì kọ edé. Ajá tí ó kọ edé! Ìgbà náà ni a mọ̀ pé ẹ̀rù ti kọjá agbára oúnjẹ, a sì wa ọkọ̀ sẹ́yìn títí ó fi jẹun. Ní ọjọ́ kẹfà, ajá kan yọ, Ojúlarí wò ó, ó sì yí ojú padà láti wo ọwọ́ wa. Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé nítorí ayọ̀ àbúrò wa.

Ìṣòro kò ṣàìsí. Ìyá wa kùn nípa edé, ó ní òun kò mọ̀ pé ajá ni òun ń ra ohun ọbẹ̀ fún. Ìyá ilé kejì pẹ̀lú kùn, nítorí pé nígbàkúùgbà tí òun àti ajá rẹ̀ bá jáde ni ó ń gbọ́ tí a ń fi ohùn dídùn pe “Ojúlarí! Ojúlarí!” láti orí omi. Ó ránṣẹ́ pé ṣé òun ni. Ìyá wa gbé pupuru àti ọbẹ̀ lọ bá a ní alẹ́, ó sì tó ọdún mẹ́rin kí àwọn méjèèjì tó jẹun pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ni ìwàdùwàdù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a rí i pé àwọn ènìyàn ń wò wá, ìgbéraga sì wọ̀ wá, a wa ọkọ̀ dé abẹ́ afárá gan-an. Ó gbó, ó fò, gbogbo wa bá ara wa nínú omi. Ọwọ́ wa ti na sókè láti lù ú kí a tó rántí. Ní ọjọ́ kejì a padà sí ibi tí a wà ní ọ̀sẹ̀ kejì, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

A kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú: “Yà!” Bí a bá ti wí bẹ́ẹ̀, kí ó bọ́ sórí pèpéle iwájú ilé tí ó bá súnmọ́ jùlọ, kí ó sì jókòó. Nínú ilé ni a ti kọ́ ọ, nígbà tí kò sí ajá kankan nítòsí. Báyìí ni a dá ọ̀nà tí okùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún un. Ní 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe ìtọ́jú ìwà ẹranko gbé ìmọ̀ràn jáde pé ẹ̀bùn ni kí a máa fi kọ́ gbogbo ajá, títí kan èyí tí ó rorò. Inú wa dùn láti kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí a ti fi ara kó o ni a kà á.

Ní ọjọ́ mẹ́ta kí a tó padà, àgbà náà wá dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá ilé kejì ń bọ̀ pẹ̀lú ọpọ́n, ajá rẹ̀ níwájú, ọmọ náà lẹ́yìn, ó wọ bàtà tuntun. Ọkàn wa ń lù kìkì. A wí pé, “Yà!” Ojúlarí bọ́ sórí pèpéle, ó jókòó. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde díẹ̀. Ajá kọjá, ọpọ́n kọjá, ọmọ kọjá. Ó wò wọ́n, lẹ́yìn náà ni ó wo àpò edé. Àgbà náà wí pé, “Kò tíì fẹ́ràn rẹ̀.” A ní, “Rárá, Bàbá, kò fẹ́ràn rẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn náà mọ ẹni tí àwọn ń yà fún, wọ́n sì wọlé lọ.

Ìyá wa ni ó ń mú un jáde báyìí, edé wà ní etí ìró rẹ̀. Ìyá ilé kejì ti ra ọmọ ajá mìíràn. Ó ti wá béèrè bí a ti ń fi edé kọ́ ọ, a sì ti fi hàn án. Kòtíìtán ni ó sọ ọ́.