Ta Ló Fún Fadá Láṣẹ?

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni a ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí: "Èdè mélòó lo wá gbọ́ báyìí?" Awakọ̀ á bèèrè rẹ̀, onílé á bèèrè rẹ̀, ẹbí á bèèrè rẹ̀ níbi ìkómọjáde. Bí o bá ní méjì péré ni o gbọ́, wọ́n á wò ọ́ bíi pé owó ilé-ìwé rẹ ti ṣòfò. Nínú ẹbí tiwa, wọn kì í bèèrè mọ́. Wọ́n ti gbà pé kò sí èdè tí n kò lè kà. Ìdí nìyẹn tí àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Ìlú Ọba, ṣe fi àwòrán ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, bá mi ka Látìn yìí. Ṣé fadá gidi ni?"

Ìwé oyè àlùfáà ni. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kan sì buwọ́ lù ú. Fadá tó ni ín ń ṣe Mísà Látìn nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n háyà, ibẹ̀ sì ni àǹtí mi àti ọmọ wọn obìnrin ti ń jọ́sìn láti bí oṣù mélòó kan. Ọmọ yìí fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó sì fẹ́ kí fadá náà so òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pọ̀. Ìbéèrè àǹtí mi kì í ṣe ti eré rárá.

Ẹ lè bi mí pé kí ló gbé obìnrin Yorùbá dé ìdí Mísà Látìn. Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, gbogbo ibi tí àwọn bá wọ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè ibi tí àwọn ti wá, nítorí bí àwọn ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n níbi Mísà Látìn, kò sẹ́ni tó ni èdè náà. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ kúnlẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n jọ dákẹ́. Èdè tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ́ àjèjì.

Mísà tí wọ́n ń sọ yìí ni Póòpù Pius Karùn-ún fi ìlànà rẹ̀ múlẹ̀ ní 1570. Nígbà tí Àpérò Vatican Kejì jókòó láti 1962 sí 1965, ìwé tí wọ́n gbé jáde lórí ìjọsìn ní 1963 sọ pé kí wọ́n má pa Látìn tì, ṣùgbọ́n kí wọ́n fàyè sílẹ̀ fún èdè tí ará ìlú ń sọ. Ní 1969, Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí ìlànà Mísà tuntun. Mísà Yorùbá tí àwa dàgbà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlù àti agogo rẹ̀, inú ìyípadà yìí ló ti rí ẹsẹ̀ dúró. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní fi í pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ èrè fún wa, òfò ni lójú àwọn mìíràn. Ní Ìlú Ọba, àwọn òǹkọ̀wé àti olórin ńlá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Póòpù pé kí Mísà àtijọ́ má parẹ́. Agatha Christie, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, wà lára wọn. Ní 1971, Póòpù gbà pé kí wọ́n máa ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní England àti Wales.

Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Marcel Lefebvre, ẹni tó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní Dakar rí, dá ẹgbẹ́ àlùfáà kan sílẹ̀ ní 1970, ẹgbẹ́ Saint Pius Kẹwàá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1988, ó fi àlùfáà mẹ́rin jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Écône, ní Switzerland, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Póòpù. Róòmù kéde pé òun àti àwọn tó kàn ti kúrò nínú ìdàpọ̀ Ìjọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni díẹ̀ nínú àwọn àlùfáà rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Póòpù, wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda láti dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, ti Saint Peter, tí yóò máa ṣe Mísà àtijọ́ lábẹ́ àṣẹ. Ní 2007, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún ní àlùfáà èyíkéyìí lè ṣe Mísà náà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ní 2009, ó mú ìyà náà kúrò lórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin yẹn, síbẹ̀ ó ní ẹgbẹ́ wọn kò tíì ní ipò lábẹ́ òfin Ìjọ. Nígbà tó di 2021, Póòpù Francis dá agbára náà padà sọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ó sì ní kí wọ́n má máa lo ṣọ́ọ̀ṣì páríṣì fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mísà Látìn tí àǹtí mi ń lọ dúró. Wọ́n ní, "Ohun tí wọ́n ní kò burú lánàá, wọ́n ní ká má ṣe é mọ́ lónìí. Ta ni kí n gbà gbọ́?" Irú àwọn ènìyàn báyìí ni àwọn tó dá dúró máa ń rí gbà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó gbà pé àga Póòpù ti ṣófo láti ìgbà Àpérò yẹn, pé kò sí Póòpù kankan nílé ayé. Bí kò bá sí Póòpù, ta ni yóò wá yan bíṣọ́ọ̀bù? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di ẹni orí yá. Ní 1976, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Ngô Đình Thục, ará Vietnam tó ń gbé ní òkè òkun, fi àwọn ọkùnrin kan jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Palmar de Troya, ní Spain, láìgba àṣẹ. Nígbà tó fi máa di 1978, ọ̀kan nínú wọn, Clemente Domínguez, ti sọ ara rẹ̀ di Póòpù.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé àǹtí mi. Mo jókòó tì í pẹ̀lú Látìn díẹ̀ tí mo mọ̀ àti ìwé atúmọ̀-èdè. Gírámà rẹ̀ gún régé. Ọ̀rọ̀-ìṣe wà ní ipò rẹ̀, ọjọ́ oṣù wà níbẹ̀, orúkọ bíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí n kò rí ni orúkọ díósísì: bíṣọ́ọ̀bù ibo? Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Látìn ńlá náà kọ́ ni àṣẹ.

Ọdún tí Àpérò Vatican Kejì bẹ̀rẹ̀, 1962, ni ìwé J. L. Austin tí a kà lọ́dún kejì jáde, *How to Do Things with Words*. Ẹ rántí ohun tó sọ: ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe ìròyìn, iṣẹ́ ni sísọ rẹ̀ ń ṣe. Bí mo bá dúró níwájú ẹ̀ka wa tí mo sọ fún akẹgbẹ́ mi pé, "Mo fi ọ́ joyè Balógun," ẹ̀rín ni ẹ ó rín. Ọ̀rọ̀ náà pé, ṣùgbọ́n oyè ò jẹ, nítorí n kì í ṣe ọba. Austin pín àṣìṣe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó sọ ọ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí náà iṣẹ́ náà kò wáyé rárá. Nínú ti èkejì, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò mọ́. Iṣẹ́ wáyé, ẹni náà ló bàjẹ́.

Ìjọ ti jà lórí ìyàtọ̀ yìí ṣáájú Austin, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí pàápàá. Lẹ́yìn inúnibíni Diocletian, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin, àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus ní Carthage sọ pé sákrámẹ́ńtì tí bíṣọ́ọ̀bù ọ̀dàlẹ̀ bá ṣe, asán ni. Augustine ará Hippo dá wọn lóhùn pé Kristi ló ni sákrámẹ́ńtì, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe é, nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ àlùfáà kò lè sọ ọ́ di òfo. Ìyẹn ni pé ọ̀tọ̀ ni àṣẹ, ọ̀tọ̀ ni ìwà.

Òfin Ìjọ tún là á sí wẹ́wẹ́. Bí bíṣọ́ọ̀bù gidi bá gbọ́wọ́ lé ọkùnrin kan lórí bó ṣe yẹ, Mísà rẹ̀ lè múlẹ̀ bí kò tilẹ̀ bófin mu. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìgbéyàwó kò rí bẹ́ẹ̀. Fún àwọn méjì yìí, oyè nìkan kò tó. Àlùfáà gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá wà lẹ́nu ikú, àlùfáà èyíkéyìí lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kì í ṣe ikú. Ìdí nìyí tí Póòpù Francis fi fún àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Lefebvre ní ìyọ̀ǹda láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ láti 2015, tó sì là ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbéyàwó ní 2017. Fadá inú gbọ̀ngàn yìí kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Bó bá so ọmọ àǹtí mi pọ̀, lójú Ìjọ tí ọmọ náà ń sìn, kò ní sí ìgbéyàwó.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àǹtí mi. Wọ́n dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Àwọn tó ní àṣẹ ńkọ́? Ṣé ìwọ ò gbọ́ ti McCarrick ni?" Mo gbọ́. Kádínà ni Theodore McCarrick ní Amẹ́ríkà, ó sì gòkè dé ipò yẹn kí ọ̀rọ̀ bó ṣe bá àwọn ọmọdé àti àwọn ọmọ ilé-ìwé àlùfáà jẹ́ tó tú síta. Ní 2019 ni wọ́n gba oyè àlùfáà lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí mi ní, "Fadá tiwa yìí máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Ó máa ń gbààwẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí." N kò lè já wọn nírọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní àṣẹ ni wọn kò ti rí ìwà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìwà ni wọn kò sì ti rí àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò jù lọ. Ibi tí mo dé ni pé a ti ń wo àṣẹ láti apá kan ṣoṣo. A rò pé ohun tí àṣẹ wà fún kò ju kí ẹnì kan lè pàṣẹ fún wa. Ṣùgbọ́n àṣẹ tún ni ibi tí a ó ti fi ẹjọ́ ẹni náà sùn. Ìwà fadá lè dára lónìí kó yípadà lọ́la, ènìyàn ni. Bó bá yípadà, ta ló lè pè é kó wá jẹ́jọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó bo ọ̀rọ̀ McCarrick mọ́lẹ̀ ni pé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò dá a. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà, a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí wọn ó fi ṣí i. Ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, ìwà rẹ̀ nìkan ni ìdánilójú tó fún wa.

Mo ní kí àǹtí mi bi fadá náà ní ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ọ̀gá yín?" Wọ́n bi í. Ó fi sùúrù dáhùn pé ní àkókò pàjáwìrì tí Ìjọ wà yìí, Ọlọ́run nìkan ni àlùfáà ń jíyìn fún. Àǹtí mi kọ̀wé sí ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò wọn. Wọ́n fèsì pé àwọn kò mọ̀ ọ́n, àwọn kò sì fún un níyọ̀ǹda kankan. Páríṣì ni ọmọ náà ti ṣe ìgbéyàwó, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àǹtí mi sunkún lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀ nìkan. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú mìíràn níbi tí bíṣọ́ọ̀bù ti fàyè gba Mísà Látìn. Wọ́n ní ó rẹ àwọn, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn balẹ̀.

Kí n má jẹ́ kó dà bíi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Nílùú Èkó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ní Ìjọ kí wọ́n tó ní fadá. Ọkùnrin kan tó ti oko ẹrú Bahia bọ̀ ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Padre Antonio ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe àlùfáà. Ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, nítorí Ìjọ gba ọmọ ìjọ láyè láti ṣe ìyẹn nígbà tí kò bá sí àlùfáà. Ṣùgbọ́n kò sọ ara rẹ̀ di ẹni tó lè ṣe Mísà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí ì bá dá a dúró. Ó dúró títí Fadá Borghero fi dé láti Ouidah wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1863.

Nílùú tiwa tí ẹnì kan lè sùn ní arákùnrin kó sì jí ní bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ yòówù kí a máa lọ, ó yẹ kí a máa béèrè. Kí a béèrè ẹni tó gbọ́wọ́ lé àwọn tó ń darí wa lórí, kí a sì tún béèrè ẹni tó lè pè wọ́n kí wọ́n wá rojọ́. Bí wọ́n bá ní Ọlọ́run nìkan ni, ẹ jẹ́ ká ronú dáadáa kí a tó gbé ọmọ wa síwájú wọn.