Ìró Ṣakabùlà Nínú Ogun Napoleon

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ́sítéètì Ìbà lónìí, tí ṣọ́ọ̀bù ti kún iwájú ilé, tí oníkálukú ti mọ ọgbà yí tirẹ̀ ká, ẹ lè má gbà pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́ nígbà tí àwa kó débẹ̀. Alhaji Lateef Jákàńdè ló kọ́ ọ nígbà tó ń ṣe gómìnà Èkó, láàárín 1979 sí 1983, kí òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù lè di onílé. Ọdún 1983 náà ni wọ́n dá yunifásítì LASU sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́, nítòsí wa. Ọjà Alaba, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo ohun tó ń lo iná, kò jìnnà sí wa bákan náà. Ẹni tó bá ń gbé láàárín yunifásítì àti ọjà ẹ̀rọ, tó sì ní ọmọ nílé, bó pẹ́ bó yá, kọ̀ǹpútà á wọlé tọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ ayàwòrán ni mo kọ́. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi tọ́ ọmọ. Mo kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ní Ìyànà-Ìbà, ní Okokomaiko, ní Volks. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn dáńfó àti ara mólúè. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni ẹ̀rọ tó ń tẹ pátákó onírọ́bà, èyí tí a ń pè ní flex, bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, mo gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì ń fi kọ́ CorelDRAW àti Photoshop lálẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ lórí rẹ̀.

Gémù ló ń gbé àwọn ọmọ náà wá. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ràn jù. Nígbà yẹn, ẹ lè rí CD Winning Eleven ní Alaba tí ẹnì kan ti fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun rọ́pò ti àtijọ́, tó sì ti pààrọ̀ àwọ̀ jẹ́sì wọn. Mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ìjókòó wọn, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ta ló kun jẹ́sì yìí, ibo ló ti rí ojú ibi tó kùn ún sí? Ọmọ bàbá tẹ́là tó wà ní ilé kejì sí wa ló fi hàn mí pé inú fáìlì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ ibi tí fáìlì náà wà lè yọ ọ́, kó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti wo gémù bí ohun tí a kàn ń ta mọ́.

Ọmọ yìí kan náà ló gbé gémù ogun Napoleon wá. Orúkọ rẹ̀ ni Battleground: Waterloo. TalonSoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1996, John Tiller ló sì kọ ètò tó ń darí rẹ̀. Ilẹ̀ ogun náà pín sí ojú onígun mẹ́fà-mẹ́fà bí afárá oyin, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún mítà. O máa ta tìrẹ, ọ̀tá náà á ta tirẹ̀, ìṣẹ́jú 15 ogun sì ti lọ nìyẹn. Kò sí ìkánjú nínú rẹ̀ rárá, ó sì bá ọjọ́ orí mi mu. Ohun tó wá dára jù fún wa ni pé àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ BMP, ohùn inú rẹ̀ jẹ́ WAV, wọ́n sì wà nínú fódà gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí wọn.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka ìwé yìí mọ ìdí tí ogun àwọn Faransé fi wọ̀ mí lára. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815 ni wọ́n ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo. Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà náà ni ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìbọn tí wọ́n fi jà ní Waterloo àti ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa gbé lọ sójú ogun, ọmọ ìyá ni wọ́n: akọ òkúta ló ń ṣáná fún àwọn méjèèjì, ẹnu ni wọ́n ti ń kì wọ́n. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn fún àwọn ọmọ ogun ọba wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń rọ èyí tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ ní kí a tún gémù náà ṣe kó di ogun Yorùbá, mi ò rí i bí eré ọmọdé. Mo ní ogun Òṣogbo ni a máa ṣe.

Ní nǹkan bí 1840 ni ogun Òṣogbo wáyé. Àwọn Ìlọrin ní ẹṣin, wọ́n sì ti fi ẹṣin yẹn wó ìlú púpọ̀. Àwọn Ìbàdàn, tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ṣáájú, ní ìbọn àti ẹsẹ̀ wọn. Òru ni Ìbàdàn kọlù wọ́n, nígbà tí ẹṣin kò wúlò fún ẹni tó gùn ún, ibẹ̀ sì ni agbára Ìlọrin lápá gúúsù dúró sí. Ẹ rí i pé ẹlẹ́ṣin àti oníbọn ló dojú kọ ara wọn, bí ó ṣe rí ní Waterloo náà. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, àti ìwé Ajayi àti Robert Smith lórí ogun jíjà nílẹ̀ Yorùbá, tó jáde ní 1964, ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì bá wa yá.

Àwòrán kò gbà wá lákòókò bí mo ṣe rò. Ọmọ ogun Faransé inú gémù náà wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, ìgbànú funfun kọjá láyà rẹ̀. Àwọn tiwa kò ní aṣọ kan náà. Gbérí ọdẹ ni ẹlòmíì wọ̀, dàńṣíkí ni ẹlòmíì wọ̀, oògùn wà lọ́rùn, àdó wà nídìí. Kí ló yẹ kí ojú fi mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ẹni ẹni nígbà tí ènìyàn kò ga ju èékánná lọ lójú kọ̀ǹpútà? Mo kun àwọn Ìbàdàn ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, mo sì fi láwàní funfun sí orí àwọn Ìlọrin, gbogbo rẹ̀ láàárín àwọ̀ 256 péré tí gémù náà gbà. Mo sọ oko ọkà òyìnbó di ebè iṣu. Mo bo òrùlé pẹ̀lú bẹẹrẹ. Ilẹ̀ ìjà fúnra rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ wa kò ká, bẹ́ẹ̀ ni Hougoumont, ilé oko olókìkí tí wọ́n jà lé lórí ní Waterloo, ṣe di odi ìlú Òṣogbo lọ́wọ́ mi.

Ohùn ló gbà wá lákòókò, ohùn náà ni mo ń tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí.

Ìró ìbọn inú gémù náà jẹ́ ẹyọ kan, ó mọ́, ó gbẹ. A kọ́kọ́ fẹ́ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ pé rárá, pé kí a lọ gbọ́ ṣakabùlà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọdẹ ló ní èyí tó ń lo akọ òkúta mọ́ nígbà yẹn; ọ̀pọ̀ ìbọn wọn ti di oníkápù. Wọ́n júwe bàbá àgbà kan fún wa ní ìlú Ìbà, ọdẹ Àwórì, tí ìbọn bàbá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú obì àti ọtí lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Àrìnpa o, Bàbá.” Ó ní kí n jókòó, kí n sọ ohun tí mo bá wá. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kó ohùn ìbọn sínú àpótí ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé ìbọn yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ kò gbọ́ ọ.”

Òótọ́ ló sọ. Bí akọ òkúta bá gbá irin, iná á ṣẹ́ sí ẹ̀tù tó wà ní ojú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Ẹ̀tù yẹn á ké “ṣàà”. Iná á wá gba ihò tóóró wọ inú agba lọ bá ẹ̀tù tí wọ́n kì síbẹ̀, ìgbà náà ni ìbọn á tó dún “gbòòò”. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò ju kí ojú ṣẹ́ lọ, síbẹ̀ inú àlàfo yẹn ni ẹ̀rù ogun wà. Ẹni tó dojú kọ ìbọn rí iná náà kó tó gbọ́ ikú. Àlàfo yẹn kò sí nínú ohùn tí àwọn òyìnbó fi sínú gémù náà, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn pé ìbọn Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1815 gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bákan náà.

Rẹ́kọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì ni a gbé lọ. Nígbà tí a gbé e sún mọ́ ìbọn, ohùn náà fọ́ yánkanyànkan. A gbé e lọ sí ẹ̀yìn igi máńgòrò, a fi aṣọ bò ó, ó wá dára. Ilé ni a ti fi wáyà so rẹ́kọ́dà mọ́ kọ̀ǹpútà, tí a fi Audacity, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnì kan gbà wálẹ̀ ní kafé lóru, gé e, tí a sì dín in kù sí 22,050 hertz kí ẹ̀rọ àtijọ́ náà lè gbé e.

Ìbọn kan kì í ṣe ogun. Bí ẹ bá da ìró kan kọ ní ogún ìgbà, tí ẹ sì tò wọ́n léra, ìbọn ńlá kan ṣoṣo ni etí máa gbọ́. A ní láti yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ sápá kan, ká sọ òmíràn di gbẹ̀du, ká sọ òmíràn di tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ ogun Yúróòpù máa ń yìn pa pọ̀ lábẹ́ àṣẹ, ẹni tó bá mọṣẹ́ nínú wọn lè kì, kó yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tiwa máa ń sún síwájú, wọ́n á yìn, wọ́n á padà sẹ́yìn lọ kì í, àwọn mìíràn á sì gba ipò wọn. Ìró wọn kò gbọdọ̀ dún pa pọ̀. Mo máa ń di ojú mi, màá tẹ́tí, màá ní kí ọmọ bàbá tẹ́là tún un ṣe. Ọmọ náà ní sùúrù tí mi ò rí rí lára ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ìlù pàápàá kò rọrùn. Fèrè àti ìlù òyìnbó ni gémù náà ń fi darí àwọn ọmọ ogun. Àwọn onígángan kan tí wọ́n ń lù lóde àríyá ní Ìyànà-Ìbà bá wa lù, wọ́n sì kọ owó nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó wà fún. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni ó sọ pé ìlù àríyá kọ́ ni a ó lù fún ogun, pé balógun kọ̀ọ̀kan ní onílù tirẹ̀ tó ń pe oríkì rẹ̀ lójú ìjà kí ó má baà sá. Ní ti ẹsẹ̀ ẹṣin, ìdajì ìkarahun àgbọn méjì ni a fi gbá ilẹ̀ líle, bí àwọn eléré orí rédíò ṣe máa ń ṣe. Ọ̀nà Àgbádárìgì kún fún àgbọn, a kò ra èyíkéyìí. Gbogbo èyí, òru jíjìn ni a máa ń gbà á sílẹ̀, nítorí bí iná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” á bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ilé dé ilé.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá ọdẹ kò gbà. Nínú gémù náà, bí ọ̀gágun kan bá kú, ìkéde kan máa ń jáde. A fẹ́ kí ìrèmọ̀jé dún níbẹ̀. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun lè sun ìjálá fún wa títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n ìrèmọ̀jé, òkú ọdẹ ló ni ín, a kì í sun ún sára ẹni tí kò kú. Ọmọ bàbá tẹ́là fẹ́ jiyàn, mo dá a lẹ́kun. Mo ṣì gbà pé bàbá náà tọ̀nà. Ìjálá ló sun fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, lórí ẹfọ̀n àti erin, ó sì pẹ́ ju bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe gùn lọ.

Nígbà tí Napoleon: Total War jáde ní 2010, a gbìyànjú láti kó ohun tí a ní lọ sínú rẹ̀. Inú fáìlì dídì tí wọ́n ń pè ní pack ni gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, ó sì ń béèrè ẹ̀rọ tó lágbára ju èyí tí a ní lọ. Àwọn ọmọ náà sì ti ń dàgbà: ẹlòmíì lọ sìnrú ìlú, ẹlòmíì gba ìlú òyìnbó lọ. Mo ti rí i lẹ́yìn náà pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ti ń wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀yọ́ wà nínú Europa Universalis IV tó jáde ní 2013, Haúsá sì di ilẹ̀ ọba tí ènìyàn lè darí nínú Age of Empires III ní 2021. Inú mi dùn sí i gan-an.

Díìsìkì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́, kásẹ́ẹ̀tì ti hu èbu. Bàbá ọdẹ náà ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì sọ fún mi pé àwọn kò ní ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ rárá. Ṣùgbọ́n a da CD náà kọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ẹ́sítéètì Ìbà àti ní ọgbà LASU láàárín 2004 sí 2007. Mo fi máákà pupa kọ ÒṢOGBO sí i, mo ya ìbọn kékeré kan sábẹ́ rẹ̀. Ìjálá náà wà nínú fódà tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́, yálà ní Okokomaiko ni o tàbí ní Peckham, kó jọ̀wọ́ dà á kọ kó tó bàjẹ́, kó sì mú ẹ̀dà kan lọ fún àwọn ọmọ bàbá náà ní ìlú Ìbà.