Ta Ló Pa Wọ́n ní Maiden Castle?

Láti Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dorchester, ní ẹkùn Dorset tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, mi ò rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, nítorí òkè tí mò ń lọ kò jìnnà sí ìlú ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yin àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fún ohun kan. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọn máa ń la àárín oko olóko kọjá, òfin sì wà lẹ́yìn ẹni tó ń rìn níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí o pa géètì dé padà kí àgùntàn má baà jáde, kí o sì di okùn ajá rẹ mú. Mo gba ẹ̀gbẹ́ olóko kan tó ń tún ọgbà wáyà rẹ̀ ṣe kọjá. Ó kí mi, mo kí i, ó tún mú òòlù rẹ̀. Kò bi mí pé kí ni mò ń wá. Ó wù mí kí àwọn tó ń fi géètì sé àdúgbò pa l'Ékòó, tí ọmọ ọlọ́mọ á máa rìn yípo kó tó dé títì, wá rí i.

Téèyàn bá ń wo Maiden Castle láti òkèèrè, á rò pé òkè lásán ni, tí koríko bò. Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ohun tí mò ń wò: odi lé odi, yàrà tẹ̀lé yàrà, wọ́n yí gbogbo òkè náà ká. Nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kọ́kọ́ mọ odi síbẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ inú rẹ̀ fi tó hẹ́kítà 19, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi odi kún odi. Ó wà lára irú odi bẹ́ẹ̀ tó tóbi jù lọ ní gbogbo Yúróòpù. Kò sí katakata nígbà náà, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló wa gbogbo ẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà kan. Koríko ibẹ̀ ń yọ̀, mo ní láti máa fọwọ́ di ilẹ̀ mú. Níbi tí ẹsẹ̀ àgùntàn ti họ ilẹ̀, ẹfun ló yọ síta, funfun báláú. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, atẹ́gùn tó ti ń gbá mi lójú láti òwúrọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò gbúròó ọkọ̀ mọ́, mi ò sì rí nǹkan kan ju koríko lọ́tùn-ún, koríko lósì àti ojú ọ̀run lókè. Bí ọ̀tá bá wà lórí odi náà pẹ̀lú òkò lọ́wọ́, ibo ni mo fẹ́ sá gbà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, yàrà kì í ṣe tuntun lójú mi. Eredo Súngbọ́ tó yí ilẹ̀ wa ká gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà tí gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó odi tó mítà 20. Patrick Darling tó wọ̀n ọ́n, tó sì jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1999, Yunifásítì Bournemouth ló ti wá, ní ẹkùn Dorset yìí kan náà. Inú igbó ni tiwa wà, igi àti ìtàkùn ti bò ó. Tiwọn wà ní gbangba, àgùntàn ń jẹ koríko orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, èèyàn lè rí gbogbo rẹ̀ tán lójú kan.

Ní ẹnu ọ̀nà ìlà oòrùn ni mo ti bá bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ̀yìn ti odi, tí wọ́n ń sá fún atẹ́gùn. Wọ́n wo kóòtù mi, wọ́n rí i pé kò nípọn tó, wọ́n ní kí n wá jókòó. Wọ́n da tíì gbígbóná láti inú fúláàsì sínú ìdérí rẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìdérí kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà wọ́n dúró títí mo fi mu tèmi tán kí wọ́n tó bu tiwọn.

Olùkọ́ ìtàn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀ iwájú wa: ibẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Mortimer Wheeler ti walẹ̀ láàárín 1934 sí 1937, tó kan egungun àwọn tí wọ́n ti fi idà ṣá lórí. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ti rí òkúta kànnàkànnà tó lé ní 20,000, tí àwọn ará odi ti ṣà jọ láti etíkun Chesil. Wheeler pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sọ ọ́ di ìtàn kan. Ó ní àwọn ọmọ ogun Róòmù tó wọ ilẹ̀ náà ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Jésù, lábẹ́ Vespasian tó padà wá di ọba Róòmù, ló ya wọ odi yìí, tí wọ́n pa àwọn Durotriges tó ni ín lọ́kùnrin lóbìnrin, tí àwọn tó ṣẹ́ kù sì sáré sin òkú wọn.

"Ìtàn yẹn ni mo fi kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún," bàbá náà wí. "Mo máa ń kó wọn wá síbí, màá ní kí wọ́n pín ara wọn sí méjì, kí wọ́n sáré gun odi. Gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ ṣe ará Róòmù."

Ìtàn náà kò dúró. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó padà síbẹ̀ ní 1985 àti 1986 ti ṣiyèméjì sí i. Nígbà tó di 2025, Miles Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Bournemouth gbé àyẹ̀wò ọjọ́ orí egungun náà jáde. Àwọn òkú náà kò kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ikú wọn pín sí ọ̀pọ̀ ọdún, láti ìparí ọ̀rúndún tó ṣáájú ìbí Jésù dé ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, kí ogun ọdún 43 tó dé. Ìjà abẹ́lé ni àwọn onímọ̀ náà rí níbẹ̀, ìjà àgbà ta ni láàárín àwọn ará ilẹ̀ náà fúnra wọn, tó ń lọ tó ń bọ̀ láti ìran dé ìran.

"Àwọn tó pa wọ́n mọ orúkọ wọn," ni bàbá náà wí. "Ẹ lọ wò wọ́n kí ẹ tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù."

Mo lọ. Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Dorchester, wọ́n tẹ́ egungun ọ̀kan nínú wọn kalẹ̀. Ṣóńṣó irin kan ṣì há sáàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè rí i dáadáa, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti bá ìkòkò àti ẹran nínú sàréè àwọn kan lára àwọn òkú náà. Ẹni tó ń sáré sin òkú kò ní ráyè gbé oúnjẹ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan jókòó ti wọn, ó ṣètò wọn, ó ṣe ohun tí ilẹ̀ wọn ní kí wọ́n ṣe fún òkú.

Ìtàn Wheeler rọrùn láti gbà gbọ́, nítorí pé àjèjì ni apànìyàn inú rẹ̀. Àjèjì wá, ó pa wá, ó lọ. Kò sí ẹni tó máa bi ìdílé kankan ní ìbéèrè. Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, nígbà tí ìlú Ìjàyè fọ́ ní 1862, Ìbàdàn ló fọ́ ọ, kì í ṣe àjèjì. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò sì tán pátápátá títí di 1893, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ló kojú ara wọn. Inú ilé tí wọ́n ti ń fi oríkì yin jagunjagun ni mo dàgbà sí. Mi ò gbọ́ rí kí ẹnikẹ́ni ka orúkọ àwọn tí jagunjagun náà pa, bẹ́ẹ̀ ará ìlú tó múlé gbè wá ni wọ́n, èdè kan náà la jọ ń sọ. Ọ̀pọ̀ odi tí à ń fi yangàn lónìí, aládùúgbò ni a mọ ọ́n dè.

Mo gun Hod Hill lọ́jọ́ kejì, níbi tí àwọn ará Róòmù ti kọ́ bárékè tiwọn sí igun kan nínú odi tí wọ́n bá níbẹ̀, mo sì dé Hambledon Hill tó wà nítòsí rẹ̀. Ibi tó rẹwà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n egungun tí mo rí ní Dorchester ni mò ń rò ní gbogbo ìgbà tí mò ń rìn níbẹ̀, mi ò lè ṣàpèjúwe wọn bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lọ sí Maiden Castle. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó gun òkè náà, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ló ń gbowó. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú àti kóòtù tó nípọn, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn nínú yàrà kí ẹ tó mú wọn dé iwájú egungun yẹn.