Ọ̀nà Ni Ó Há: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Kétu

Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú, tí ó gba Ṣágámù àti Ìkòròdú wọ Èkó, yóò kọjá Owódé Onírin, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù irin àti èèlò ọkọ̀, kí ó tó kan Máìlì 12. Kí ojú rẹ̀ tó rí ọjà Máìlì 12, imú rẹ̀ yóò ti gbọ́ òórùn àlùbọ́sà àti tòmátì. Ibẹ̀ ni àwọn tírélà ti ń já ata, iṣu àti àlùbọ́sà tí wọ́n kó wá láti Òkè Ọya. Bí ó bá sì sún díẹ̀ sí Kétu àti Ìkòsí, ọsàn, ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti ìbẹ́pẹ ni yóò kí i káàbọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe ata ni mo wá rà. Àbúrò mi ni ó gbé mi wá nínú mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò kékeré ilẹ̀ Jámánì ni, ó ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n àbúrò mi ti sọ ọ́ di ẹṣin ìje. Ó fi tọ́bò sí i, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì. Ó pààrọ̀ àwọn nọ́súlù tí ń tú epo sí àwọn tí ẹnu wọn fẹ̀ jù. Ó sì ki pọ́ǹpù ńlá bọ inú táǹkì.

Bí mọ́tò yìí bá ń rọra lọ, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ a sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe é lórí Afárá Third Mainland, afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, tí ó gùn tó kìlómítà 11.8, tí òpin rẹ̀ níhìn-ín sì wà ní Òwòròǹṣòkí nínú Kòsọ́fẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ tí ó tètè tẹ bíréèkì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Mẹkáníìkì méjì ti ní kí ó ra pọ́ǹpù tuntun, ó sì ti rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta ni ó fẹ́ lọ rà ní Ládípọ̀. Owó tí mo yá ní ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ àwa tíṣà, tí mo fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi, ni ó wá fi ìdọ̀bálẹ̀ tọrọ. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà kan ní Kétu tí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń yìn.

Ọ̀gá yìí kò tilẹ̀ sáré ṣí mọ́tò. Ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀, bíi dókítà. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni ó ń ṣe é? Ṣé bí epo bá fẹ́ tán nínú táǹkì ni?"

Àbúrò mi ní, "Rárá, Bàbá. Táǹkì ì báà kún, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ gan-an ni."

"Ó dára. A kò ní ra nǹkan kan títí a ó fi wọn ohun tí ó wà nílẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, bí àwọn oníbàárà Máìlì 12 bá di ìlọ́po méjì, tí ọ̀nà tí tírélà ń gbà wọlé kò sì fẹ̀ sí i, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ọjà yóò tán lórí àtẹ, Ọ̀gá."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Tọ́bò ti sọ oníbàárà di púpọ̀. Epo kì í sì í ṣe oúnjẹ ẹ́ńjìnì nìkan, ó ń tù ú lára pẹ̀lú. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ tí epo kò tó, iná inú rẹ̀ yóò gbóná rékọjá, yóò sì dá ihò sí pístìn lórí. Ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnì yóò di ẹrù Owódé Onírin."

Ó so géèjì mọ́ ojú ọ̀nà epo, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí iwájú níbi tí a ti lè rí i. Bí mọ́tò ti dúró tí ó ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ wà lórí báà 3. Ọ̀gá ní bí tọ́bò bá fẹ́ atẹ́gùn báà 1, epo ní láti gòkè dé 4, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ borí atẹ́gùn náà kí ó tó lè wọlé. A gbé e jáde sí ọ̀nà Alápẹ́rẹ̀. Àbúrò mi tẹ̀ ẹ́, kàkà kí abẹ́rẹ́ gòkè, ńṣe ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ní, "Gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó tó."

Nígbà tí a padà, ó wo asẹ́ epo, ó mọ́. Ó bu epo sínú ìgò, kò sí omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì tutù, ó ní kí ìyá tí ń sun àgbàdo nítòsí bá òun gbé iná rẹ̀ jìnnà, ó sì gbé yanrìn àti ohun ìpaná sí ìtòsí. Ó tú ọ̀nà epo, ó jẹ́ kí pọ́ǹpù tú u sínú kẹ́ẹ̀gì fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Pọ́ǹpù tí a kọ lítà 255 ní wákàtí kan sí lára yẹ kí ó tú ju lítà 2 lọ. Kò tú tó lítà kan àbọ̀.

Àbúrò mi pariwo pé, "Bàbá, ẹ ò rí i? Èyí náà ti kú!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Bí pọ́ǹpù ti ń ṣiṣẹ́, ó wọn iná: fólítì 12.2 ni ó wà lẹ́nu bátìrì, 9.7 péré ni ó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mọ́tò bá wá sáyé ni wọ́n fi ń bọ́ pọ́ǹpù ńlá náà, ibi tí wọ́n sì ti dè é mọ́ ara mọ́tò ti dípẹtà. Ọ̀gá fa wáyà tí ó nípọn láti bátìrì, ó fi fíúsì àti rìléè sí i, ó ha ìpẹtà dànù. A tún wọ̀n ọ́n. Pọ́ǹpù kan náà, ìṣẹ́jú-àáyá 30 kan náà, epo lé ní lítà 2! Nígbà tí a tún gbé e dé Alápẹ́rẹ̀, abẹ́rẹ́ gun 4, ó sì dúró síbẹ̀.

Wáyà, rìléè àti owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì owó pọ́ǹpù kan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń ṣe láti oṣù méjì nìyẹn.

Bí a ti ń padà lọ sí ilé, mo wo ọ̀nà Ìkòròdú yẹn, mo sì rántí pé ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 lọ sí àárín Èkó, ó sì di 2015 kí ọ̀nà rẹ̀ tó dé Ìkòròdú. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ọ̀nà iwájú ti wù kí ó dára tó, ibi tí ó há ni ń dá èrò dúró. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń fẹ ìsọ̀ yín, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ń pààrọ̀ ìwé fún ọmọ tí kò rí ojú pátákó, ẹ jẹ́ kí a máa wọ̀n kí a tó máa rà.

Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi wọlé ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ní ti àbúrò mi, mo ti kìlọ̀ fún un pé afárá kì í ṣe pápá ìje. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́." Ojú mi ṣì wà lára rẹ̀.