Kí Ni Àti Ń Ṣe Láàrin Ẹ̀gbá àti Yorùbá?

Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, gbé ìwé ìròyìn kan jáde. Orúkọ tó sọ ọ́ ni Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Gbogbo wa la há orúkọ yìí sórí nílé ìwé nítorí ìdánwò. Olùkọ́ kò béèrè ohun tí àti ń ṣe níbẹ̀, àwa náà kò sì béèrè. Ẹ̀gbá àti Yorùbá? Ṣé Ẹ̀gbá kì í ṣe Yorùbá ni?

Àti kì í so ohun gbogbo pọ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni tirẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kì í bá a ṣe. A kì í sọ pé "mo jẹun àti sùn", "mo jẹun, mo sì sùn" ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń fi ìkánjú túmọ̀ ìròyìn láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbàgbé. Ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀-ìṣe kò tilẹ̀ nílò alásopọ̀ kankan. Ẹ dúró ti àwọn aláró ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn iṣẹ́: ó yọ aṣọ nínú aró gbé e lọ sá sóòrùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin tò tẹ̀ lé ara wọn, bí iṣẹ́ ṣe tò lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe tò lẹ́nu. Nínú orúkọ àdìrẹ fúnra rẹ̀, dì ló ṣíwájú rẹ, nítorí kò sẹ́ni tó ń rẹ aṣọ tán kó tó wá dì í.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá fẹ́ dúró pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ti èkejì, àti ni wọ́n ń pè. Ó sì ní ohun tó máa ń ṣe fún wọn. Ẹni tó bá ní òun ra àdìrẹ àti aṣọ ní Ìtòkú, a ti mọ̀ pé aṣọ mìíràn ló ń wí, bóyá àǹkárá, bóyá léèsì. Aṣọ ni àdìrẹ náà, ta ni kò mọ̀? Síbẹ̀, bí àti ṣe dé àárín wọn, aṣọ ní láti sún sẹ́yìn, kó gba ìtumọ̀ tó kéré sí èyí tó ní tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá nínú orúkọ ìwé Townsend nìyẹn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ń wí. Àjàyí Crowther, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1843, ọmọ Òṣóogùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, nítorí náà nígbà tó pe èdè rẹ̀ ní Yorùbá, orúkọ ilé tirẹ̀ ló pè. Ní Sàró, níbi tí wọ́n ti tú àwọn ẹrú sílẹ̀ nínú ọkọ̀, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe gbogbo wa pọ̀: Akú, nítorí pé ẹnu wa kì í kúrò lórí "ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún". Ará Jámánì kan, Sigismund Koelle, tí òun náà jẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ló jókòó ti àwọn èèyàn wọ̀nyí, tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Polyglotta Africana lọ́dún 1854. Lábẹ́ Akú ló to Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀ àti Oǹdó sí. Yorùbá wà láàrin wọn, ọ̀kan nínú wọn ni, kì í ṣe orí wọn. Koelle tilẹ̀ bá àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé kò tọ́ kí wọ́n máa fi orúkọ ọ̀kan pe gbogbo wọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Townsend kọ àti tirẹ̀. Kò ṣì í kọ.

Ìyá ìyá mi kò pe ara rẹ̀ ní Yorùbá létí mi rí. Ọmọ Ìjẹmọ̀ ni, Ẹ̀gbá ni. Ẹni tó bá ti Ìsẹ́yìn wá, ará òkè ni. Ọjọ́ tí mo bá ṣe agídí nìkan ni Yorùbá máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?" Èdè ni Yorùbá lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Mo sì rò pé ọ̀nà ibẹ̀ yẹn gan-an ni orúkọ náà gbà wọlé tọ̀ wá, láti inú ìwé. Yorùbá kan náà ni Townsend fi ń bá àwọn méjì tó dárúkọ sọ̀rọ̀. Bíbélì tẹ̀ lé e, ilé ìwé tẹ̀ lé e. Àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde nígbà Ìfọ́lé ọdún 1867, ìwé ìròyìn náà sì dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ ìwé kà kò gbàgbé ohun tí wọ́n kà.

Isaac Delano ni mo máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Òkènlá lẹ́bàá Ifọ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1904. Ó ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kó gbogbo wa sábẹ́ orúkọ kan. Lọ́dún 1958, ó gbé Atúmọ̀ Ede Yorùbá jáde, ìwé tó ń fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn Townsend nìyẹn, ọmọ Ẹ̀gbá kan sì ti ń sọ fún ará Ọ̀yọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ Yorùbá túmọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àti ti kúrò. N kò sunkún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ lásán: ohun tí ìyá ìyá mi ń sọ lẹ́nu ti di ẹ̀ka-èdè, tí a kì í kọ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nílé. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá tò láìsí àti, ti iwájú ni olórí, ti ẹ̀yìn ń ṣàlàyé rẹ̀: ẹja odò, ẹja ni. Àwọn ará Ìláròó àti Ayétòrò mọ èyí dáadáa. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á rò pé Ẹ̀gbá tó wà lódò ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe Ẹ̀gbá kankan, wọ́n sì gba orúkọ odò wọn, Yewa, lọ́dún 1995. Ní Abẹ́òkúta níbí, a ń sọ Ẹ̀gbá Aláké, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà, Ẹ̀gbá Gbágùrá, ṣùgbọ́n Òwu la sábà máa ń pe Òwu. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé tó kan wọn, tí ẹ kò mọ̀ bóyá Ẹ̀gbá nìkan ti tó tàbí kí ẹ kọ Ẹ̀gbá àti Òwu, ẹ má ṣe bi mí. Ẹ bi ọmọ Òwu.