Ẹ̀rí Ni Ìṣirò Ń Bèèrè

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé nítorí owó kíkà àti ilẹ̀ wíwọ̀n nìkan ni a ṣe ń kọ́ ìṣirò. Wọ́n a máa sọ pé bí ènìyàn bá ti lè ro owó pọ̀, tí kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ ní ọjà, ìṣirò rẹ̀ ti tó. Èmi kò bá irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ jà, nítorí pé ẹni tí kò mọ owó kà kò lè jẹ èrè òwò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ìṣirò tí ó níye lórí ju èyí lọ, èyí ni ẹ̀kọ́ bí a ti ń mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ó kàn jọ òtítọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti rí i kọ́, ní ọdún kejì mi níbẹ̀, nígbà tí a ń kọ́ ẹ̀ka ìṣirò tí à ń pè ní kálíkúlọ́ọ̀sì.

Kálíkúlọ́ọ̀sì ni ìṣirò àwọn ohun tí ń yí padà. Newton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Leibniz ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n kó o jọ di odidi ẹ̀kọ́ láàárín ọdún 1665 àti 1684, oníkálukú sì ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọdún kìn-ín-ní wa, ohun tí ó gbára lé nǹkan kan ṣoṣo ni a ń wò, bí ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn ti gbára lé wákàtí tí ó fi rìn ín. Ní ọdún kejì, a bọ́ sórí àwọn ohun tí ó gbára lé nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo àgbàdo inú oko: òjò ní ọwọ́ nínú ìdàgbàsókè rẹ̀, ilẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, oko ríro pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí òjò nìkan ń ṣe, àfi kí ó mú àwọn yòókù dúró lójú kan, kí ó jẹ́ kí òjò nìkan yí padà. Lẹ́yìn náà ni yóò mú òjò dúró, tí yóò sì yẹ ọ̀ràn ilẹ̀ wò. Bákan náà ni a sì kọ́ àwọn àròpọ̀ aláìlópin, èyí ni àròpọ̀ tí a ń fi nǹkan kún títí tí a kò ní dáwọ́ dúró láé.

Ẹ̀kọ́ náà le. A ju ogójì lọ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí sáà kìn-ín-ní fi parí, a kò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mọ́. Òwò gàrí ni ìyá mi ń ṣe, nínú rẹ̀ ni ó sì ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí nígbà ìsinmi, wọ́n ní, “Ìṣirò tí kò lópin yìí, owó ta ni yóò fi wọlé? Lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, kí ìyá rẹ lè sinmi.” Ọ̀rọ̀ àgbà ni, inú rere sì ni wọ́n fi sọ ọ́. N kò lè dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bí ẹrù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà tuntun ni olùkọ́ wa fi iṣu ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Bí ènìyàn bá ní iṣu kan, tí ó jẹ ìdajì rẹ̀ lónìí, tí ó jẹ ìdajì ìyókù lọ́la, tí ó tún jẹ ìdajì èyí tí ó kù lọ́tùn-únla, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, mélòó ni yóò jẹ? Ìdajì, ìdámẹ́rin, ìdámẹ́jọ, ìdámẹ́rìndínlógún, títí lọ láìdáwọ́ dúró. Bí ó tilẹ̀ ń jẹ ẹ́ títí ayé, ohun tí ó jẹ kò lè ju iṣu kan náà lọ. Àròpọ̀ náà kò ní òpin, síbẹ̀ ó ní ààlà, ààlà rẹ̀ sì ni 1.

Nígbà náà ni ó kọ òmíràn sórí pátákó: odidi kan, kí a fi ìdajì kún un, kí a fi ìdámẹ́ta kún un, ìdámẹ́rin, ìdámárùn-ún, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi wá bóyá èyí pẹ̀lú ní ààlà. Ọmọ kíláàsì wa kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìṣirò ju ti gbogbo wa lọ. Ó dìde, ó ní, “Ó ní ààlà, ọ̀gá. Ohun tí à ń fi kún un ń kéré sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo.” Púpọ̀ nínú kíláàsì mi orí sí i. Èmi dákẹ́, nítorí pé n kò tíì mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Olùkọ́ wa kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan péré ni ó bi í: “Ẹ̀rí rẹ dà?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí nǹkan sọ.

Ẹ̀rí tí olùkọ́ wa wá fi hàn wá kì í ṣe ti òde òní. Nicole Oresme, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti rí i ní nǹkan bí ọdún 1350. Ó pín àwọn ìdá náà sí agbo. Ìdámẹ́ta ju ìdámẹ́rin lọ, nítorí náà bí a bá ro àwọn méjèèjì pọ̀, wọn yóò ju ìdajì lọ. Mẹ́rin ni ó tẹ̀ lé wọn, láti orí ìdámárùn-ún dé ìdámẹ́jọ. Kò sí èyí tí ó kéré ju ìdámẹ́jọ lọ nínú wọn, ìdámẹ́jọ mẹ́rin sì jẹ́ ìdajì, nítorí náà agbo yìí pẹ̀lú ju ìdajì lọ. Mẹ́jọ tí ó tún tẹ̀ lé wọn yóò ju ìdajì lọ bákan náà, àti mẹ́rìndínlógún tí ó tẹ̀ lé ìyẹn. Ìdajì kò ní tán láé, àròpọ̀ náà kò sì ní ààlà kankan. Bí ìjàpá ni ó ń rìn: a óò ro ìdá 83 pọ̀ kí ó tó kọjá 5, a óò ro 12,367 kí ó tó kọjá 10, kí ó sì tó kọjá 20, a óò ro iye tí ó ju mílíọ̀nù 272 lọ. Síbẹ̀ kò sí iye tí kò ní kọjá bí ó pẹ́ bí ó yá. Àwọn àgbà ti sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà tí mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, ìyá mi bèèrè ohun tí mò ń kọ́. Wọn kò lọ ilé-ìwé rí. Mo fi iṣu ṣàlàyé fún wọn, mo sì fi ìdá ìdá ṣàlàyé èkejì. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àjàní, mo ní irú oníbàárà méjèèjì. Ọ̀kan jẹ mí lówó, ìdajì ìyókù ni í máa ń san nígbà gbogbo. Kò tíì san án tán, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ kò lè pa mí lára mọ́. Èkejì a máa ra àwìn kékeré lé àwìn kékeré. Ó ní òun ń dín in kù, òótọ́ sì ni. Òun gan-an ni ó fẹ́ pa òwò mi.” Mo wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Wọ́n wá sọ pé, “Bí ó bá lè yé èmi láti ẹnu rẹ, a jẹ́ pé ó yé ìwọ náà. Padà lọ parí rẹ̀. Èmi ni yóò bá bàbá rẹ àgbà sọ̀rọ̀.” Bí mo ṣe dúró sínú ẹ̀kọ́ náà nìyẹn.

Ní sáà kan náà ni a kọ́ nípa ojú gàárì. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ń rìn lórí òkè nínú kùrukùru. Ó dé ibì kan tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lè rò pé ṣóńṣó orí òkè ni òun dé, tàbí pé ìsàlẹ̀ àfonífojì ni. Ó lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ wo gàárì ẹṣin: bí a bá wò ó láti ìhà orí ẹṣin lọ sí ìhà ìrù, àárín rẹ̀ ni ó rẹlẹ̀ jù, bí a bá sì wò ó láti ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tí ó gùn ún lọ sí ẹsẹ̀ òsì, àárín kan náà ni ó ga jù. Ẹni tí ó wo ìhà kan ṣoṣo yóò búra pé àfonífojì ni, ẹni tí ó wo ìhà kejì yóò búra pé òkè ni, irọ́ ni àwọn méjèèjì yóò sì pa. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ lójú wa. Láti ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ti rí ẹ̀rí mú wá, àwọn kan ti sọ ọ́ ní “Ẹ̀rí-dà”, wọ́n sì ń pè é ní onígbéraga. Ojú tì í débi pé ó ti kọ ìwé láti fi ẹ̀kọ́ ìṣirò sílẹ̀. Ohun tí àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀ ni pé ní alaalẹ́ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní mẹ́ta ní ìṣirò láìgba kọ́bọ̀. Olùkọ́ wa ni ó sọ èyí fún wa, lẹ́yìn tí ó ti ránṣẹ́ pè é tí ó sì ti bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ. Ó ní, “Òun nìkan ni ó sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde. Bí kì í bá ṣe pé ó sọ ọ́, a kì bá tí mọ ibi tí ẹ̀rí ti ń ṣiṣẹ́.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró. Olùkọ́ ìṣirò ni òun náà lónìí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, mo sì gbọ́ pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà láti dáhùn ìbéèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ohun ìní ẹ̀yà kan ni ẹ̀kọ́ yìí. Mādhava, ọmọ Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà, ti ń lo àròpọ̀ aláìlópin láti wọn òbìrí ní nǹkan bí ọdún 1400, ṣáájú Newton àti Leibniz. Ní ilẹ̀ tiwa, Chike Obi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Cambridge ní 1950, Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì, sì gba tirẹ̀ ní 1955. Kí àwọn ọmọbìnrin náà gbọ́ pé Grace Alele-Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé nípa ìkọ́ni ní ìṣirò ní Chicago ní 1963, àti pé ní 1985 ó di obìnrin kìn-ín-ní tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá ń ṣe ìṣirò, ẹ má sáré ṣí ẹ̀yìn ìwé láti wo ìdáhùn. Ìdáhùn láìsí ẹ̀rí dà bí aṣọ àyálò, olówó rẹ̀ lè gbà á nígbàkigbà. Bí ẹnìkan nínú yín bá ń wí pé irọ́ tí òun ń pa ń dín kù, tàbí pé gbèsè tí òun ń jẹ kò tó nǹkan mọ́, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá bí ti iṣu ni ó ń dín kù, tàbí bí ti imú ẹlẹ́dẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdáa létí yín, ẹ yí ká, kí ẹ wò ó láti ìhà kejì kí ẹ tó dájọ́. Ohun tí ó ń kéré kọ́ ni ó ń tán, ibi tí ó tẹ́jú kọ́ sì ni ṣóńṣó òkè. Ẹni tí ó bá ní sùúrù láti wá ẹ̀rí ni yóò mọ ìyàtọ̀.