Ẹni Tó Fún Un Ní Bọ́ọ̀lù Ńkọ́?

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí à ń kọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún kì í sábà borí. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ife-ẹ̀yẹ la fẹ́ sọ. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án tí a kọ́kọ́ kó wọn lọ (ìfọwọ́wọnwọ́ ló yẹ ká máa pè é, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a), ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n borí. Àwọn tí wọ́n sì borí lọ́jọ́ náà ò pé: ọkọ̀ wọn kan bàjẹ́ lọ́nà, ènìyàn márùn-ún péré ló dé pápá. Kó tó di ìdajì eré, ó ti rẹ̀ wọ́n, kò sì sí ẹni tó máa rọ́pò ẹnì kankan.

Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ́ wọn. Yunifásítì la ti mọra, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la kà níbẹ̀, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì la ti wo èyí tó pọ̀ jù nínú eré náà. Software là ń kọ jẹun báyìí. A ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, orúnkún sì ti ń dún. Iṣẹ́ tí à ń ṣe ò ní dandan ká gbé Èkó. Bí iná bá ti wà, tí dátà sì wà, Ìlá náà ṣe é jókòó ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wa ló jẹ́ ọmọ ìlú, òun ló fa àwa yòókù wá. Láàárọ̀ Sátidé, a ó pa láptọ́ọ̀pù dé, a ó gba orí pápá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni àwọn ọmọ náà. Mẹ́tàlá ni wọ́n nígbà tí wọ́n bá pé, wọn kì í sì í sábà pé. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Ìlá, àwọn kan wá láti Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ẹni méjì ti Ìkìrun wá. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ pápá ti là lápá kan, apẹ̀rẹ̀ kan ò sì ní àwọ̀n mọ́. Ewúrẹ́ a máa la àárín eré kọjá, gbogbo wa á sì dúró dè é.

Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ara wọn le, wọ́n sì mọ bọ́ọ̀lù í gbá. Àrùn wọn ò ju ẹyọ kan lọ: bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Á ta á mọ́lẹ̀, á tún ta á mọ́lẹ̀, ènìyàn méjì á yí i ká, á wá jù ú sókè láti ibi tí kò ti yẹ. Àwọn mẹ́rin yòókù á dúró bí ẹni ń wo sinimá.

Ẹni tó burú jù nínú ìwà yìí ló tún mọ̀ ọ́n gbá jù. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè é nítorí gíga rẹ̀. Ìlú ẹlẹ́mu ni Ìlá, wọn ò wá orúkọ náà jìnnà. Ṣùgbọ́n Hakeem ni ará ìta ń kí i. Ọlọ́kadà ń kí i bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́mu ń kí i bẹ́ẹ̀: "Hakeem, ìgbà wo lo máa lọ Amẹ́ríkà?" Láti ìgbà tó ti wà ní girama ló ti ń gbọ́ ọ. Bí ènìyàn bá ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ta ló máa fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì?

Ìdajì ìtàn Hakeem Olajuwon ni wọ́n ń sọ fún un. Ìdajì tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé ọmọ Yorùbá ni, wọ́n bí i l'Ékòó ní 1963, àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì; ó lọ sí Yunifásítì Houston ní 1980, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 1984, tí Michael Jordan ṣe ẹ̀kẹta, ó sì gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Ìdajì kejì la máa ń fi ìsinmi àárín eré sọ fún Ọ̀pẹ. Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ni Hakeem kọ́kọ́ ń gbá, ó sì ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti di géńdé ọmọkùnrin kó tó fọwọ́ kan ti alápẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé Houston, wọn ò fi í sínú eré kankan ní ọdún àkọ́kọ́. Ó jókòó, ó ń kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá gba ọlidé, á lọ bá Moses Malone tó ti di ìràwọ̀ NBA gbá a, Moses á sì máa fi èjìká tì í kiri.

Ọdún mẹ́ta tó wá fi gbá a níbẹ̀, ọdọọdún ni Houston ń wọ inú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Wọn ò gba ife náà lẹ́ẹ̀kan. Ní 1983, North Carolina State tí wọn ò kà sí fi 54 sí 52 nà wọ́n ní àṣekágbá. Bọ́ọ̀lù tó parí eré yẹn dùn-ún sọ: Dereck Whittenburg jù ú láti ọ̀nà jíjìn, kò tiẹ̀ dé apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles tó ti lọ dúró sítòsí ló gbá a mú lófuurufú, ó rì í wọlé, àkókò tán. Hakeem ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù. Ó gba ẹ̀bùn, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù.

Ọ̀pẹ gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí òun náà ló padà lówó?"

Ẹ ò rí i pé ọmọ náà ò gọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá wa kọ ayò, ìmọ̀ ìṣirò ló ń kà. Ìwé àjákọ ló fi ń ṣe é: orúkọ lápá òsì, pọ́ìǹtì lápá ọ̀tún. Báyìí la ṣe bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti tún nà wá, ó gbé ìwé náà wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ọ̀pẹ ló sọ èyí wọlé, mo ti kọ ọ́. Ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ṣé kò sí àyè tirẹ̀ ni?"

A mọ̀ pé wọ́n ń ka irú páàsì bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lára nítorí ibi iṣẹ́ wa. Ohun èlò kan wà tí a ń pè ní Git, òun ló ń tọ́jú kóòdù tí a bá kọ. Ó máa ń kọ orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í ní aago mọ́kànlá òru tó ní "má kọ ọ́ báyẹn, ó máa dà rú", Git ò mọ onítọ̀hún. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ fi owó kún owó oṣù, Git ni ọ̀gá máa ṣí wò.

A bá fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì kọ áàpù kékeré kan sórí fóònù ọmọbìnrin náà. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, á tẹ ẹni tó sọ ọ́, á tẹ ẹni tó gbé e fún un, á tún tẹ ẹni tó gbé e fún ìyẹn. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi í ṣọ́ wọn, ibi tó yẹ kí orúkọ kejì wà ṣófo jù. Ti ẹ̀kẹta, ká má tiẹ̀ sọ ọ́.

Ìṣirò kan tún wà tí kò nílò áàpù. Ogójì ìṣẹ́jú ni eré, ènìyàn mẹ́wàá ló wà lórí pápá, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ni wàá fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì yòókù ṣe? Gbogbo ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń fi àárọ̀ kọ́, tìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dínà fún ẹni tó ń lé ọ̀rẹ́ wọn, tàbí bí wọ́n ṣe ń sá kúrò níbi tí wọ́n dúró sí kí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù lè rí ojú wọn.

A wá fòfin de títa bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un ò gbọdọ̀ ta á mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sáré. Kó jù ú sí ẹlòmíì ni. Kì í ṣe ọgbọ́n orí wa. Nígbà tí James Naismith dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá 1891, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ló ní kí wọ́n kàn mọ́ òkè. Nínú òfin mẹ́tàlá tó kọ, ẹni tó bá mú bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ bá a sáré. Ibi tó ti gbà á ló ti máa jù ú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni títa mọ́lẹ̀ dé. Naismith yìí kan náà di kóòṣì ní Yunifásítì Kansas. Ó borí nígbà 55, ó pàdánù nígbà 60. Nígbà tí a sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kò burú nígbà náà, àwọn àti baba eré jọ wà pọ̀ ni.

Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá a báyìí, rúdurùdu ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́ọ̀lù kankan ò wọlé. Wọ́n ní nígbà tí àwọn baba ńlá Ìgbómìnà ń bọ̀ láti Ifẹ̀, àdá kan tí wọ́n ń pè ní ogbó ló ń la ọ̀nà fún wọn. Ogbó mọ̀nà, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ọmọ Ọ̀rà, tó kúrú jù nínú wọn, dúró láàárín pápá, ó gbé bọ́ọ̀lù há abíyá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá ogbó kan o, ọ̀nà ti sọ nù." Ó tó oṣù kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tí kò mú bọ́ọ̀lù niṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A rí i lọ́jọ́ tí ẹni méjì sáré sí àyè kan náà, tí ọ̀kan yà fún ìkejì láìjẹ́ pé a pariwo.

Ọmọbìnrin ayò wa ò fẹ́ràn ìtàn Hakeem. D'Tigress ni tirẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo, tí wọ́n ṣe ní 2021, Amẹ́ríkà nà wọ́n, Faransé nà wọ́n, Japan nà wọ́n, wọ́n padà wálé. Ní Paris ní 2024, lábẹ́ Rena Wakama tóun náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà rí, wọ́n fi 75 sí 62 borí Australia, wọ́n fi 79 sí 70 borí Canada, wọ́n sì wọ inú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Kò sí ẹgbẹ́ Áfíríkà kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin wa náà gbìyànjú: Amẹ́ríkà fi 156 sí 73 nà wọ́n ní London ní 2012, àwọn náà sì fi 90 sí 87 borí Amẹ́ríkà ní Las Vegas ní oṣù Keje 2021. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ni, òótọ́. Ní Tokyo lóṣù kan náà, wọn ò borí ẹnì kankan. Èyí la fi máa ń bá àwọn ọmọ wí bí wọ́n bá borí lọ́jọ́ kan tí orí wọn wú.

Ọ̀rọ̀ tó nira jù kì í ṣe ti orí pápá. Ìyá Ọ̀pẹ, tó ń ta èlùbọ́, wá bá wa nílé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọkùnrin kan láti Èkó ti ń pè é, ó ní ejẹ́ǹtì lòun, òun máa rán ẹnì kan wá wo ọmọ náà, kí wọ́n kọ́kọ́ fowó fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ìyá ò tíì san án. Ohun tó tìtorí ẹ̀ wá ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní ẹ ní kó máa gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin yìí ní iye tó bá sọ wọlé ni wọ́n máa kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́."

A ní, "Ẹ jókòó ná, mà." Kí la fẹ́ sọ? Bàbá ọmọ náà ti kú. Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn obìnrin yìí. A sọ fún un pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wo ọgbọ́n ọmọ, kì í wo pọ́ìǹtì nìkan, àti pé kó má sanwó fún ẹni tí kò mọ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ, ojú rẹ̀ ò sì jọ ti ẹni tó gbà.

Ó wá sí pápá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìró rẹ̀ ọjà. Ẹgbẹ́ tó wá bá wa ti gbọ́ nípa Ọ̀pẹ. Bó bá ti gba bọ́ọ̀lù, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ń rán sí i. Ó gbójú sókè, ó gbé e fún ọmọ Ọ̀rà tó dá dúró lọ́tùn-ún. Ọmọ Ọ̀rà jù ú, kò wọlé. Wọ́n tún yí i ká, ó tún gbé e fún un, kò tún wọlé. Ìyá rẹ̀ dìde: "Kí ló dé tó ò ń gbé e fún un?" Ọ̀pẹ ò wẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún gbé e fún un. Ó wọlé. Láti ìgbà náà, wọn ò lè rán ènìyàn mẹ́ta mọ́.

Wọ́n ṣì fi pọ́ìǹtì mẹ́rin nà wá.

Nígbà tí eré parí, ìyá náà lọ bá ọmọbìnrin ayò, ó ní kó ka ti ọmọ òun fún òun. Ó ka pọ́ìǹtì mẹ́jọ, ó sì ka páàsì mọ́kànlá tó di ayò. Ìyá gbọ́ mọ́kànlá náà, ó wò wá, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé wọ́n ń sanwó lé ìyẹn náà?"

A ò fún un lésì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ò sì tíì rí i di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ejẹ́ǹtì ní òun máa rán ò wá. Nígbà tí a pe nọ́ńbà ọkùnrin náà tí a bi í pé kí lorúkọ ẹgbẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, a ò sì rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀pẹ wà ní Òkè-Ìlá báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ń wá sí pápá bó bá rówó ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ kì í wá mọ́, ọjà ò jẹ́. Á rán ọmọ rẹ̀ obìnrin wá béèrè iye tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. Ọmọ náà máa ń kọ nọ́ńbà méjèèjì sẹ́yìn ọwọ́ kó má baà gbàgbé.

Sátidé tó ń bọ̀, a ní àlejò láti Òṣogbo. Irin apẹ̀rẹ̀ kan ti tẹ̀, wẹ́dà ní ká wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀, bí iná bá wà.